Èsì: Ṣé kí n yí AAC 128 sí MP3 320?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa ní Kubwa. Ẹ ní MP3 nìkan ni rédíò ọkọ̀ yín ń gbà, AAC 128 kbps sì ni gbogbo fújì yín (AAC àti MP3 jẹ́ ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà gé lára orin kí fáìlì rẹ̀ lè kéré; kbps ni iye dátà tí orin ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ṣé kí ẹ yí wọn sí 320 kó lè dún dáadáa.

Kò ní dún ju bó ṣe wà lọ o. Ohun tí AAC ti gé dànù kò sí nínú fáìlì yẹn mọ́, MP3 náà á sì tún gé tirẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ló máa kọ́kọ́ fi hàn yín: dípò kó dún ṣáká, ó lè máa ṣe ṣìì-ṣìì bí omi tó ń hó.

Àmọ́ ẹ má torí ìyẹn lo 128, ìyẹn ló máa bà á jẹ́ jù. 192 ni èmi máa mú, tàbí ìwọ̀n V2 tó bá jẹ́ LAME, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe MP3, lẹ ń lò (nǹkan bí 190 kbps ló máa ń jẹ́). Fújì tó gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á jẹ MB 72 ní 320, MB 43 péré ní 192. Pẹ̀lú ariwo táyà lójú títì márosẹ̀ Kubwa, ta ló fẹ́ gbọ́ ìyàtọ̀?

Èyí tí ẹ bá ní CD rẹ̀ nílé, inú CD ni kí ẹ ti lọ yọ ọ́ tààrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa àwọn AAC yẹn rẹ́ o. Fóònù yín ń gbà á, rédíò tí ẹ máa rà lọ́la náà lè gbà á.