641 ló tú àṣírí 4,294,967,297

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi ní Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, gbà pé kò sí ohun tó lè pín 4,294,967,297 láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, àmọ́ pé Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, fi 641 pín in ní 1732. Nígbà tí kò sí ẹ̀rọ ìṣirò, ṣé gbogbo nọ́ńbà ló ń dán wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Èkejì, kọ̀ǹpútà ọmọ náà ní 1 ni ìdáhùn nígbà tó ní kó ṣírò rẹ̀. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Rárá o, kò dán gbogbo wọn wò. Bí a ṣe ń rí nọ́ńbà yìí ni pé kí ẹ kọ 2 sílẹ̀ ní ìgbà 32, kí ẹ sọ gbogbo wọn di púpọ̀ pọ̀, kí ẹ wá fi 1 lé e. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a rí bákan náà, nípa kíkọ 2 ní ìgbà 1, 2, 4, 8 àti 16, ni 3, 5, 17, 257 àti 65,537. Prime ni gbogbo wọn, ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀; wọ́n ló tan Fermat jẹ. Euler wá rí i pé prime yòówù tó bá máa pín in, bí ẹ bá yọ 1 lára prime náà, 64 gbọ́dọ̀ pín ìyókù láìṣẹ́kù. Kí a tó dé 641, prime mẹ́rin péré ló yege: 193, 257, 449 àti 577. Ẹ̀karùn-ún ló bá a.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí bébà láìkọ nọ́ńbà gbọọrọ yẹn rárá, nítorí àṣẹ́kù tí 641 ń fi sílẹ̀ nìkan la nílò ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. 2 mẹ́jọ tí a sọ di púpọ̀ pọ̀ jẹ́ 256. 256 lọ́nà 256 jẹ́ 65,536. Ẹ yọ 641 lọ́nà 102, ìyẹn 65,382, ó ku 154. A ti dé 2 mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Láti dé 2 méjìlélọ́gbọ̀n, 154 lọ́nà 154 jẹ́ 23,716. Ẹ yọ 641 lọ́nà 36, ìyẹn 23,076, ó ku 640. Ẹ wá fi 1 wa lé e: 641 gan-an, kò sí àṣẹ́kù. Ẹ má ṣe kánjú fi 1 yẹn sí i o. Bí ẹ bá ti sọ 154 di 155, 308 lẹ máa bá níbi tó yẹ kí ẹ ti bá 640, iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Bí ẹ bá fi 641 pín nọ́ńbà gbọọrọ náà, 6,700,417 lẹ máa rí, prime lòun náà. Lẹ́yìn Euler, Lucas, onímọ̀ ìṣirò kan, fi hàn pé 128 ló yẹ kó wà nípò 64, èyí tó dín iṣẹ́ kù gan-an. Ohun tó bá pín 6,700,417 pín nọ́ńbà gbọọrọ náà, nítorí náà òfin yìí kàn án. Bí kì í bá sì ṣe prime, prime kan tí òun lọ́nà òun fúnra rẹ̀ kò ju 6,700,417 lọ gbọ́dọ̀ pín in. Níwọ̀n bí 2,589 lọ́nà 2,589 ti ju 6,700,417 lọ, 257, 641, 769, 1,153 àti 1,409 nìkan ló kù láti dán wò. Àṣẹ́kù wọn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé: 170, 44, 120, 334, 622. Kò sí òdo níbẹ̀.

Ti kọ̀ǹpútà kò le. Àyè bíìtì 32 lọmọ náà lò, ìyẹn àyè 32 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gba 0 tàbí 1, 4,294,967,295 sì ni nọ́ńbà tó tóbi jù tó lè gbà. Bí ẹ bá fi 1 kún un, ó padà sí òdo bíi mítà ọkọ̀ tó ti kún. 1 mìíràn ló gbé ìdáhùn tí ẹ rí jáde. Kó yí i sí bíìtì 64, kó tún un ṣe.