Wọn Àyà Rẹ Kí O Tó Ra Kọ́mú

*Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 41 ni mí, mo níyàwó, mo sì bí ọmọ méjì. Ó ti tó ọdún kan báyìí tí ọmú mi méjèèjì ti ń wú, wọ́n sì ti tó ohun tí èèyàn ń rí láti inú ṣẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á máa mì, á sì máa dùn mí. Síńgílẹ́ẹ̀tì méjì ni mo máa ń wọ̀ pọ̀; nígbà mìíràn, báńdéèjì ni mo fi ń dì í. Mo fi ìtìjú ra kọ́mú kan, 46C, torí pé 46 ni ṣẹ́ẹ̀tì mi. Okùn rẹ̀ ń gé mi léjìká, ẹ̀yìn rẹ̀ ń gòkè, iwájú rẹ̀ sì ṣófo. Mo jù ú nù kí ìyàwó mi má bàa rí i. Ó ti ń bi mí ìdí tí n kì í fi bọ́ṣọ lójú rẹ̀ mọ́, mi ò sì mọ ohun tí màá sọ. Ṣé ọkùnrin lè wọ kọ́mú? Ṣé èyí tó lè bá wa mu tilẹ̀ wà? Èmi ni àbúrò yín, Afarapamọ́.*

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ, ibi tí o ti ju kọ́mú náà nù kí ìyàwó rẹ má bàa rí i ló sì dùn mí jù. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkùnrin lè wọ kọ́mú. Ohun tó bá wúwo lára èèyàn, tó ń mì, tó sì ń dùn ún, ó yẹ kí nǹkan gbé e dúró. Ẹni tí orúnkún ń dùn a máa wọ aṣọ rọ́bà sí orúnkún, kò sì sí ẹni tó ń bi í bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin. Kọ́mú kò ní mú kí ọmú rẹ tóbi sí i, kò sì ní yí ohunkóhun padà nínú irú ẹni tí o jẹ́ sí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ilé tèmi náà rí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ próstéètì, oògùn tó ń lò sì mú kí ọmú rẹ̀ wú débi pé kò lè jẹ́ kí bẹ́líìtì ọkọ̀ kan àyà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi pa á mọ́ra. Nígbà tó wá sọ fún mi, èmi ni mo mú tépù, tí mo sì wọn àyà rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ dókítà ló ṣáájú. Ó jọ pé ohun tí wọ́n ń pè ní gynecomastia ló ń ṣe ọ́, ìyẹn kí ẹran ọmú ọkùnrin máa dàgbà, kò sì ṣọ̀wọ́n rárá. Gbogbo ọkùnrin ló ní ẹran ọmú díẹ̀ lábẹ́ orí ọmú. Gbogbo wọn ló sì ní ẹ́sítírójìn lára, họ́mọ́ọ̀nù tí a sábà máa ń kà sí ti obìnrin. Tí ẹ́sítírójìn bá ti borí họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin, ẹran náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Ó ń ṣe ọmọ tuntun, láti ara họ́mọ́ọ̀nù ìyá rẹ̀. Ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin tó ń bàlágà, tiwọn sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí ọdún 2. Ó tún ń ṣe àwọn tó ti lé ní ọdún 50. Ìwọ tí o jẹ́ ẹni ọdún 41 kò bọ́ sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí dókítà wá ohun tó fà á.

O kò sọ bóyá o ń lo oògùn kankan. Oògùn tó lè fà á pọ̀: spironolactone tí wọ́n ń lò fún ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru, cimetidine tó wà fún ọgbẹ́ inú, ketoconazole oníhóró tó wà fún àrùn fọ́ńgọ́ọ̀sì, finasteride tó wà fún próstéètì tó wú, àti àwọn sítẹ́rọ́ìdì tí àwọn tó ń gbé irin fi ń wá iṣan. Tí ọ̀kan nínú wọn bá wà lọ́wọ́ rẹ, má ṣe dá a dúró fúnra rẹ. Kó gbogbo oògùn rẹ dání lọ bá dókítà, ó lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó lè yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ wò, kó yẹ kíndìnrín àti kórópọ̀n rẹ wò pẹ̀lú. Jẹ́ kó ṣe é. Tí o bá fọwọ́ kan kókó tó le ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, tí kò sí lábẹ́ orí ọmú tààrà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórí ọmú, tí awọ ibẹ̀ ń sún kì, tí orí ọmú ń wọlé sínú, tàbí tí kókó wà lábíyá, má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí o tó lọ. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 àwọn tó ń ní jẹjẹrẹ ọmú ló jẹ́ ọkùnrin. Ìyẹn kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin máa ń pẹ́ kí wọ́n tó lọ, torí ìtìjú yìí kan náà.

Ìdí mìíràn tún wà tí n kò fi fẹ́ kó pẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹran náà ṣì rọ̀, oògùn bíi tamoxifen lè dín in kù. Tó bá ti kọjá ọdún kan, ó sábà máa ń le, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ abẹ nìkan ló máa mú un kúrò. Ọdún kan ni o pè é nínú lẹ́tà rẹ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀rá lásán ló kó jọ síbẹ̀, fífọn lè dín in kù, ṣùgbọ́n ẹran ọmú gidi kì í lọ nítorí pé èèyàn fọn. Dókítà lè fi ọwọ́ kàn án, kó sì mọ èyí tó jẹ́.

Báńdéèjì yẹn, mo bẹ̀ ọ́, yé e dì. Kì í dúró sójú kan, ó máa ń ká jọ ni, ibi tó bá ká jọ sí a sì máa fún ìhà rẹ débi pé o kò ní lè mí dáadáa. Òógùn á há sábẹ́ rẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í sú. Ẹ̀gbọ́n mi dì í títí awọ abẹ́ ọmú rẹ̀ fi bó. Tó bá jẹ́ kí àyà rẹ tẹ́jú lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì ni o fẹ́, síńgílẹ́ẹ̀tì wà tí wọ́n fi aṣọ tó ń nà tó sì ń fún ara rán fún ọkùnrin. Ra ìwọ̀n rẹ gan-an, má ra èyí tó kéré sí ọ, má sì wọ̀ ọ́ sùn. Tí èémí rẹ bá kúrú tàbí tí ara bá kú tipiri, bọ́ ọ.

Jẹ́ ká wá sórí kọ́mú.

Àṣìṣe tí o ṣe, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń ṣe é. Nọ́ńbà ṣẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí ti kọ́mú. Ibi tí àyà ti fẹ̀ jù ni télọ̀ ń wọ̀n fún ṣẹ́ẹ̀tì. Ti kọ́mú, abẹ́ ọmú gan-an, lórí eegun ìhà, ni nọ́ńbà yẹn ti ń wá. Nítorí náà, ọ̀já 46 tí o rà, ó dá mi lójú pé ó fẹ̀ jù fún ọ. Ọ̀já tó yí àyà ká ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà, okùn èjìká kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Tí ọ̀já bá ti dẹ̀, ẹ̀yìn á gòkè. Ìwọ á máa fa okùn kúrú kí iwájú lè gbéra. Okùn á wá wọ̀ ọ́ léjìká. Èjìká tó ń gé ọ àti ẹ̀yìn tó ń gòkè, ibì kan náà ni méjèèjì ti wá.

Wá tépù télọ̀ tó rọ̀. Bọ́ṣọ, dúró ṣánṣán. Fa tépù yí abẹ́ ọmú ká, kó lẹ̀ mọ́ ara láì fún ọ, kí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga dọ́gba. Mí síta, kí o tó ka nọ́ńbà ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọn ibi tí ọmú ti yọ jù, lórí ọmú gan-an, láì fa tépù rárá. Yọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì. Tó bá ku ínṣì 1, A ni kọ́ọ̀pù rẹ, ìyẹn apá kọ́mú tó ń gba ọmú sínú. 2 ni B, 3 ni C, 4 ni D. Ká sọ pé abẹ́ ọmú jẹ́ 42, tí orí rẹ̀ sì jẹ́ 44: 42B ni wàá kọ́kọ́ gbé wò. Àwọn tó ń rán kọ́mú kò fi ojú kan náà wọ̀n ọ́n o. Àwọn kan a máa fi ínṣì 4 kún ti abẹ́ ọmú, torí náà ka àtẹ ìwọ̀n ti ẹni tó rán èyí tí o fẹ́ rà. Tí o bá sì rí 90 tàbí 95 lára rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà nìyẹn, má bẹ̀rù.

Tí kọ́ọ̀pù 42B bá bá ọ mu ṣùgbọ́n tí ọ̀já rẹ̀ fún ọ, 44A ni kí o mú, má mú 44B. Bí ọ̀já ṣe ń fẹ̀ sí i ni kọ́ọ̀pù tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ń jinlẹ̀ sí i, B ti 42 àti A ti 44 sì gba ohun kan náà. Bí mo ṣe ra mẹ́ta tí kò wúlò fún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn kí n tó mọ̀.

Ohun tó ń dààmú ọkùnrin ni pé àyà yín fẹ̀, ọmú náà fẹ̀ nídìí, ṣùgbọ́n kò yọ síwájú púpọ̀. Kọ́mú tí ọ̀já rẹ̀ fẹ̀ sì sábà máa ń ní kọ́ọ̀pù ńlá. Torí náà ni iwájú tìrẹ fi ṣófo. Sá fún èyí tí fóòmù rẹ̀ ti gan bí àwo. Kò ní tẹ̀ lé ìrísí rẹ, yóò sì hàn lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Sá fún wáyà pẹ̀lú, torí inú ẹran ọmú ni wáyà tí kò bá ìdí ọmú rẹ mu máa ń gún. Èyí tí aṣọ rẹ̀ rọ̀, tó ń nà, tí kò ní ojú rírán níwájú, tí okùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, òun ni kí o wá. Tí ọ̀já bá fi díẹ̀ kéré, ègé aṣọ kékeré kan wà tó ní ìkọ́ tí wọ́n ń fi mú ẹ̀yìn gùn sí i, kò wọ́n.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ọkùnrin ni kọ́mú eré ìdárayá, irú èyí tó dà bí síńgílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gé sí ìdajì. Ó ń tẹ ọmú mọ́ àyà díẹ̀, kì í jẹ́ kó mì, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí síńgílẹ́ẹ̀tì lábẹ́ aṣọ. Tí gbígba orí bọ̀ ọ́ bá nira, wá èyí tó ní sípù níwájú. Mú àwọ̀ tó sún mọ́ àwọ̀ ara rẹ. Funfun lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun máa ń hàn ju bí o ṣe rò lọ.

Tí o bá ti rí èyí tó jọ pé ó mu, fi ìkọ́ tó dẹ̀ jù há a, kí o lè máa sún un sínú bí rọ́bà rẹ̀ bá ṣe ń nà. Ìka méjì ni kó lè wọ abẹ́ ọ̀já náà. Gbé apá sókè: kò gbọdọ̀ gun orí ọmú. Tí kọ́ọ̀pù bá ń hun jọ, ó tóbi. Tí ẹran bá ń tú jáde lókè tàbí lábẹ́ abíyá, ó kéré. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ̀ ọ́, kí o sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn rẹ yẹn. Tí kò bá dùn ọ́ títí o fi dé ìsàlẹ̀, o ti rí i. Ra méjì tàbí mẹ́ta irú rẹ̀ kí o lè máa pààrọ̀ wọn, má fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n, kí o sì máa nu abẹ́ ọmú gbẹ dáadáa lẹ́yìn ìwẹ̀.

Nípa ìyàwó rẹ. Ohun tó ń rò báyìí lè burú ju òtítọ́ lọ, torí ohun tó ń rí kò ju ọkọ tó ń fara pa mọ́ fún un. Tépù tí mo ní kí o fà, wàá rí i pé o kò lè mú un ga dọ́gba lẹ́yìn fúnra rẹ. Bí o bá gbé ọwọ́ sẹ́yìn, á wọ́ sísàlẹ̀, nọ́ńbà tí wàá kà kò sì ní jẹ́ òótọ́. Ó ní ẹni tó gbọ́dọ̀ bá ọ dì í mú lẹ́yìn. Ní alẹ́ kan tí àwọn ọmọ bá ti sùn, sọ fún un pé, "Nǹkan kan ń ṣe mí láti ọdún kan, ojú ló ń tì mí." Lẹ́yìn náà, bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ, kí o sì na tépù sí i.