Kí ló ń fa àwọn olùdókòwò ilẹ̀ òkèèrè lọ sí Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀?

Òwú àti kajú ni, ní kúkúrú. Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn tó ń gbin òwú jù ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, òwú lásán ni wọ́n ń kó sọ́kọ̀ ojú omi ní Kútọnu, ẹlòmíì ló ń fi í hun aṣọ tà. Ìjọba wá bá iléeṣẹ́ Arise IIP da owó pọ̀, wọ́n kọ́ ọgbà ilé-iṣẹ́ sí Glo-Djigbé, nǹkan bíi kìlómítà 45 sí Kútọnu. Inú ọgbà kan náà ni òwú ti ń di okùn, tí okùn ń di aṣọ, tí wọ́n sì ń rán an. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n fòfin de kíkó kajú tí wọn kò tíì pa jáde: ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá pa á níbẹ̀.

Owó CFA wọn so mọ́ yúrò, 655.957 sí ẹyọ kan. Ẹni tó ti fi náírà ṣòwò rí á mọyì ìyẹn!

Àmọ́ ṣọ́ra: nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè pa ní 2019, ojú oníṣòwò Kútọnu rí màbo. Èdè Faransé sì ni ìwé òfin wọn, nítorí náà wá ògbufọ̀ gidi.