Ẹ Bi Alásè Léèrè: Tákò Inú Ọkọ̀ àti Tákò Àgbàdo Kétu

Láti ìgbà tí mo ti mẹ́nu ba oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò tí mo jẹ ní Houston, nígbà tí mo lọ bá ọmọbìnrin mi wẹ ọmọ, ni lẹ́tà ti ń wọlé. Díẹ̀ nínú wọn nìyí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Mọ̀mọ́. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, mo ń kàwé ní Houston. Tákò tí mo mọ̀ ní Kútọnu tóbi, ẹran, fíríìtì àti wàràkàṣì yíyọ́ ló kún inú rẹ̀, ẹyọ kan ti tó mi. Níbí, mo lọ bá ọkọ̀ olóúnjẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n fún mi ní ohun kékeré kan tí kò kún àtẹ́lẹwọ́: ẹran díẹ̀, àlùbọ́sà, ewé. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni? Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ ọkọ̀ tó dára? (Akẹ́kọ̀ọ́, Houston)

ÌDÁHÙN: Ẹnì kankan kò rẹ́ ọ jẹ, ọmọ mi. Oúnjẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Èyí tí o mọ̀ ní Kútọnu, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní agbègbè Lyon àti Grenoble, kété lẹ́yìn ọdún 2000. Àlìkámà ni wọ́n fi ṣe tọ̀tíyà rẹ̀, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wé ẹran. Wọ́n á kó ẹran, fíríìtì àti ọbẹ̀ wàràkàṣì sínú rẹ̀, wọ́n á pa igun rẹ̀ dé, wọ́n á wá fi irin gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi pọ́n. Oúnjẹ tó ń yó ọ̀dọ́ ni, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fíríìtì àti wàràkàṣì ló ń lé orin níbẹ̀. Nínú tákò ọkọ̀ tí o lọ bá yẹn, àgbàdo ló ń lé e, ẹran ń gbè é.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kí wọ́n wo tọ̀tíyà kí wọ́n tó wo ẹran. Ní òpópónà Long Point ní Houston, níbi tí ọkọ̀ wọ̀nyí pọ̀ sí, mo dúró níwájú ọ̀kan tí obìnrin kan ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tọ̀tíyà. Ó já àgbàdo lílọ̀ tútù díẹ̀, ó yí i róbótó láàárín ọwọ́ méjèèjì, ó tì í bọ àárín irin méjì, ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣí i, ó tẹ́ ẹ sórí irin gbígbóná. Etí rẹ̀ gbẹ, ó fi ìka lásán yí i. Ó tún yí i lẹ́ẹ̀kejì, àárín rẹ̀ wú sókè, òórùn àgbàdo sísun sì gba ojú fèrèsé jáde bá wa. Kò tíì fi ẹran kankan sí i, itọ́ ti ń dà lẹ́nu gbogbo àwa tí a tò síbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń ṣe é báyìí. Ọ̀pọ̀ ló ń ra tọ̀tíyà láti ilé iṣẹ́, ìyẹn kò sì burú, bí wọ́n bá ti ń mú un gbóná lórí irin lẹ́yìn tí o ti béèrè. Méjì méjì ni wọ́n máa ń tò ó léra kí omi ẹran má baà lù ú já. Èyí tó bá tutù, tó ń fọ́ sí ọ lọ́wọ́, má padà lọ bá ẹni tó tà á. Ọkọ̀ tó bá ń ta tákò, tó ń ta bọ́gà, tó tún ń ta apá adìyẹ díndín, n kì í yà síbẹ̀. Èyí tí oríṣi ẹran rẹ̀ kò pọ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ bàtà ilé kíkọ́ sì tò síwájú rẹ̀ lọ́sàn-án, ibẹ̀ ni kí o lọ. Ó ti pẹ́ tí òṣìṣẹ́ ti ń jẹun nídìí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1974, Raul Martinez sọ ọkọ̀ áísìkiriìmù àtijọ́ di ọkọ̀ tákò, ó gbé e dúró sí iwájú ilé ọtí kan ní ìlà-oòrùn Los Angeles. Láti ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ King Taco ti jáde.

Ẹyọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń di oúnjẹ fún ọ̀dọ́kùnrin. Má béèrè gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Gba méjì, jẹ wọ́n ní gbígbóná, kí o tó padà lọ gba òmíràn. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé “con todo?”, àlùbọ́sà àti ewé kòríáńdà ni wọ́n ń wí, dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bẹ̀rẹ̀ láti orí lengua, ahọ́n màlúù tí wọ́n sè títí ó fi rọ̀, tí wọ́n wá gé wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà ló ń sá fún un. Àwa tí ṣàkì àti ẹsẹ̀ màlúù kì í bà lẹ́rù, èrè tiwa nìyẹn. Lẹ́yìn náà, bí ẹ̀sìn rẹ bá gbà á, al pastor: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi ata pupa àti achiote, èso kan tó ń pa oúnjẹ láró, pa lára, tí wọ́n gún mọ́ ọ̀pá irin tó dúró ṣánṣán, tí iná ń yan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ọ̀bẹ ń fá a sílẹ̀, pẹ̀lú ègé ọ̀pẹ̀ òyìnbó lórí. Bí o bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń gé ṣáwámà ní Kútọnu rí, ojú rẹ á dá a mọ̀. Àwọn ará Lẹ́bánónì ló gbé ọgbọ́n ọ̀pá yẹn dé ìlú Puebla ní Mẹ́síkò, kí àwọn ará ibẹ̀ tó fi ẹlẹ́dẹ̀ àti tọ̀tíyà àgbàdo ṣe tiwọn. Àwọn ará Lẹ́bánónì náà la sì bá nídìí ṣáwámà ní etíkun wa. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo mọ̀ ọ́n.

Ní ti ata, jalapeño kò tó ata ṣọ̀mbọ̀. Habanero ni kí o bọ̀wọ̀ fún, ìdílé kan náà ni òun àti ata rodo.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń lọ kí àwọn ọmọ mi ní Texas, wọ́n sì ní oúnjẹ Mẹ́síkò làwọn máa fi gbà mí lálejò. Mùsùlùmí ni mí, n kò fẹ́ ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ bá kàn. Jíjẹun lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kò sì bá ọjọ́ orí mi mu. Kí ni kí n ṣe? (Alhaji, Àjàṣẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, Alhaji. Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wà níbi tí ènìyàn kò fọkàn sí. Al pastor, carnitas, chorizo, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, ìyẹn rọrùn láti yẹra fún. Ẹ̀wà ni kí ẹ fojú sí. Ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n máa ń bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi ń dín in. Tọ̀tíyà àlìkámà náà lè ní in nínú. Ti àgbàdo kì í sábà ní in. Kí ọmọ yín bi wọ́n bóyá “manteca”, orúkọ ọ̀rá náà ní èdè wọn, wà níbẹ̀, wọ́n á sọ òótọ́ fún un. Nínú ọkọ̀, orí irin kan náà ni wọ́n ti sábà ń yan ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n wá àwọn tó ń ta tákò halal. Wọ́n wà ní Houston. Bí wọn kò bá rí wọn, ẹ béèrè tákò ẹja, irú ti Baja California: ẹja díndín pẹ̀lú kábéèjì tútù àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ ṣáà bi wọ́n bóyá òróró lásán ni wọ́n fi dín in. Ẹni tó dàgbà sétí ọ̀sà bíi tiyín á fẹ́ràn rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ jókòó, ilé oúnjẹ ni kí wọ́n mú yín lọ. Ní Texas, ẹ ò tíì béèrè ohunkóhun tí wọ́n á ti gbé tọ̀tíyà gbígbẹ díndín àti ata ka iwájú yín. Ẹ fọwọ́ bà á díẹ̀, kí àyè má baà tán kí oúnjẹ tó dé. Wàràkàṣì ofeefee tó bo gbogbo àwo, tákò líle tó ń fọ́ lẹ́nu, Texas ló pọ̀ nínú ìyẹn ju Mẹ́síkò lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ tó níyì wà níbẹ̀ náà. Ní ọdún 1973, Ninfa Laurenzo, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tẹ́ tábìlì 10 sí iwájú ilé iṣẹ́ tọ̀tíyà ìdílé wọn ní òpópónà Navigation ní Houston, ó sì ń ta ẹran màlúù yíyan nínú tọ̀tíyà. Ilé oúnjẹ náà wà níbẹ̀ dòní. Bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹ bá mi gbàdúrà fún un.

Kí ẹ má sì fojú di ìdúró, Alhaji. Ní ọdún 2024, àwọn Michelin ti Faransé, tí ń fi ìràwọ̀ dá ilé oúnjẹ tó ta yọ lọ́lá, fún El Califa de León, ìsọ̀ tákò kan ní olú-ìlú Mẹ́síkò, ní ìràwọ̀ kan. Láti 1968 ló ti wà, ó sì kéré débi pé orí ìdúró làwọn ènìyàn ti ń jẹun níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ-ọmọ mi ti Amẹ́ríkà dé fún ìsinmi, tákò ṣáá ló ń béèrè. Àgbàdo kún àká mi. Mo po ìyẹ̀fun rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, ṣe ló ń fọ́ lórí iná. Kí ni kò tó sí i? (Ìyá Àgbà, Kétu)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọmọ-ọmọ, ìyá mi. Ẹfun ni kò sí níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní chaux ní Faransé. Kí àwọn Sípéènì tó dé ọ̀dọ̀ wọn rárá ni àwọn ará Mẹ́síkò ti ń se àgbàdo gbígbẹ nínú omi ẹfun. Ẹfun á tú èèpo, á sì jẹ́ kí àgbàdo náà lẹ̀ mọ́ra bí wọ́n bá lọ̀ ọ́. Ó tún ń tú fítámì kan tí ń jẹ́ niacin sílẹ̀ fún ara láti lò. Nígbà tí àgbàdo dé Ítálì àti gúúsù Amẹ́ríkà láìsí ẹfun, àwọn tálákà tí kò ní ohun mìíràn jẹ kó àìsàn pellagra, tó ń bó awọ ara, tó sì ń da orí ènìyàn rú. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà àti ẹja mọ́ àgbàdo rẹ̀ bíi tiwa ti ń rí niacin níbòmíràn.

Ẹ wọn kílò 1 àgbàdo funfun gbígbẹ, líta omi 3 àti gíráàmù ẹfun 10. Ẹfun oúnjẹ ni o, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń kun ògiri, kí ó má sì ta sí yín lójú. Ìkòkò alumíníọ̀mù kọ́ ni kí ẹ lò, ẹfun máa ń jẹ ẹ́. Ẹ wá ìkòkò amọ̀ tàbí irin tí kì í dípẹtà. Ẹ sè é tó ìṣẹ́jú 30 sí 40, títí èèpo yóò fi máa yọ̀ kúrò bí ẹ bá fìka pa á. Ẹ sọ̀ ọ́, ẹ dé e, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ fọwọ́ bó èèpo rẹ̀, ẹ gbé e lọ síbi ẹ̀rọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ fọ ata kúrò lára ẹ̀rọ. Omi díẹ̀ ni kí wọ́n fi lọ̀ ọ́: kì í ṣe ògì, kò gbọdọ̀ ṣàn, kò sì gbọdọ̀ kan. Bí ẹ kò bá rí ẹfun oúnjẹ, omi eérú igi ṣe é lò, àwọn ará àtijọ́ ibẹ̀ náà lò ó. Ẹ̀yin mọ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ẹ. Kó má le tó ti ọṣẹ dúdú, ẹ sì ṣan àgbàdo náà títí omi rẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ já a ní róbótó, ẹ fi sáàárín náílọ́ọ̀nù méjì, ẹ fi pátákó tẹ̀ ẹ́. Bí etí rẹ̀ bá sán, omi kò tó. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ náílọ́ọ̀nù, omi ti pọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí irin tó gbóná gan-an, láìsí òróró, ẹ yí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ máa tò wọ́n sínú aṣọ mímọ́ bí wọ́n ti ń jinná, kí ooru ara wọn mú wọn rọ̀. Fún ẹran, ẹ pa ewúrẹ́. Ní Jalisco, ewúrẹ́ ni wọ́n mọ̀ mọ́ birria, wọ́n á fi ata gbígbẹ sè é títí yóò fi ya kúrò lára egungun. Lórí rẹ̀, ẹ bu moyo wa sí i, tòmátì, àlùbọ́sà àti ata tútù gígé wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́. Ọmọ yẹn á ní pico de gallo ni. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé àwọn ìyá rẹ̀ ti ń gé e kí wọ́n tó bí i.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń ta oúnjẹ létí ọ̀nà Parakou, mo fẹ́ fi tákò kún un. Ṣé wagasi lè dípò wàràkàṣì wọn? (Aláṣejẹ, Ṣábẹ̀ẹ́)

ÌDÁHÙN: Ó lè dípò rẹ̀, àbúrò mi. Wọ́n ní wàràkàṣì funfun kan tí ń jẹ́ panela, iná kì í tètè yọ́ ọ, wagasi Fúlàní sì sún mọ́ ọn ju wàràkàṣì ilé ìtajà lọ. Gé e nípọn díẹ̀, yan án lórí irin tí tọ̀tíyà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, kí ojú rẹ̀ méjèèjì pọ́n, kí o wá fi ata àti àlùbọ́sà sí i. Pupa tàbí funfun, èyíkéyìí tí o bá rí rà. Ewé ọkà bàbà ló pa èyí pupa láró. Ra a láàárọ̀, má sì jẹ́ kí ó kọjá ọjọ́ náà lórí àtẹ rẹ.