Gba ìwé kí o tó gbé fóònù sókè

Àbúrò mi, o ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ́ ṣe olórí ẹ̀ka nọ́ọ̀sì níbi tí o ti ń kọ́ni ní Àkúrẹ́, ìwádìí PhD rẹ ò tíì parí, o sì ń bi wá bóyá kí o ya ojú ewé Facebook tí o fi ń la aráàlú lọ́yẹ̀ sọ́tọ̀ sí ti iṣẹ́ rẹ. Bí mo ṣe kà á ni àyà mi já, nítorí ibi tí o wà yìí gan-an ni ẹsẹ̀ mi ti yọ̀.

Oǹdó ni mo wà nígbà náà, ibà Lassa ni mo sì ń ṣèwádìí lé lórí. Ìwọ náà mọ bó ṣe ń bá wa fínra ní ìpínlẹ̀ yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pàápàá lápá Ọ̀wọ̀. Àwọn ìyá tó ń sá gààrí sí etí títì kò ní ka jọ́nà, ìwé tí a ń tẹ ìwádìí sí, láéláé. Ni mo bá ń ṣe fídíò kéékèèké sórí Facebook ní èdè Oǹdó: ẹ bo oúnjẹ yín, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé àìsàn náà wọ inú rẹ̀, bí ibà kò bá gbọ́ oògùn, ẹ má jókòó tì í nílé. Wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp, inú mi sì ń dùn.

Lọ́jọ́ kan, mo ya fídíò kan nínú wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń bójú tó ibẹ̀ ní kí n máa yà á. Káàdì aláìsàn kan wà lórí tábìlì lẹ́yìn mi, orúkọ rẹ̀ àti àìsàn rẹ̀ hàn ketekete. Kí n tó yọ fídíò náà kúrò, àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ti rí i. Ara ọkùnrin náà yá o, àmọ́ wọn ò ra oúnjẹ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Mo lọ kúnlẹ̀ bẹ obìnrin náà. Kò dá mi lóhùn, ó kàn ń ṣa ìrẹsì rẹ̀ lọ. Mo ṣì ń gbọ́ bí ìrẹsì yẹn ṣe ń ró nínú àwo.

Níbi iṣẹ́, wọ́n fún mi ní kúẹ̀rì, ìwé pé kí n wá wí tẹnu mi, wọ́n ní kí n fèsì láàárín wákàtí 48. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù méje ni mo fi ń lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta ọ́fíìsì kan, fáìlì lórí itan. Lónìí wọ́n á ní alága ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ mi rìnrìn àjò. Lọ́la wọ́n á ní fáìlì mi ti sọnù, kí n ṣe ẹ̀dà míì wá. Ẹni tó ní kí n máa yà á ní òun ò rántí. Nínú gbogbo àgbààgbà tó jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí a lè ṣe fún ìdílé yẹn. Iye tí Facebook ń san fún mi ni wọ́n ń béèrè. Ìgbéga ọdún yẹn kọjá mi lórí. Ó ṣì ń dùn mí.

Àṣìṣe mi ni pé mo rò pé ìwé àṣẹ tí ìgbìmọ̀ ìwádìí fún mi kan fídíò náà. Kò kàn án. Aláìsàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ti fídíò lọ́tọ̀, kí ilé ìwòsàn náà kọ tiwọn. Òfin ààbò ìsọfúnni tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra gidi. Ẹ̀yìnkùlé mi ni mo ti ń ya tèmi báyìí, pẹ̀lú abọ́ gààrí kan àti ìdérí rẹ̀.

Ti ORCID àti Google Scholar, níbi tí àwọn olùwádìí ti ń to iṣẹ́ wọn sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò le, ṣí wọn. Ti Facebook tí o béèrè, ojú ewé kan tàbí méjì, èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n sá fún àwọn jọ́nà tó ń fi ìméèlì bẹ̀ ọ́, tí wọ́n á gbowó, tí wọ́n á tẹ iṣẹ́ rẹ jáde lọ́sẹ̀ kan náà láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Má sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ wá jókòó nínú fídíò. Ìwọ lo máa máàkì ìwé rẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé òun ò ṣe? Bí ẹnì kan bá fi àwòrán egbò ránṣẹ́ sí ọ lóru, ilé ìwòsàn ni kí o darí rẹ̀ sí, má kọ oògùn fún un.

Àwọn tó ń gbéni ga kì í wo iye ẹni tó ń tẹ̀lé ọ, ìwé tí o tẹ̀ jáde ni wọ́n ń kà. Nítorí náà, sọ ìkọ́ni yẹn di ìwádìí: gba àṣẹ, bi àwọn ìyá tó ń ta gààrí ní Ọjà Ọba ní ìbéèrè kí wọ́n tó wo fídíò, kí o tún bi wọ́n lẹ́yìn oṣù kan. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún ọ nínú wọ́ọ̀dù pé "máa yà á, kò séwu", fún un ní bírò.