Èsì: Bí ẹ, ọ, ṣ àti gb ṣe máa bọ́ sí ipò wọn nínú SQLite

O béèrè ìdí tí ORDER BY fi ń to “ẹja” sí ẹ̀yìn “yàrá” nínú SQLite (ibi ìpamọ́ dátà) tí ò ń fi Python lò. Báìtì lásán ni BINARY, ìlànà ìtò tí SQLite ń lò bí o kò bá yan òmíràn, ń wò, báìtì “ẹ” (U+1EB9) sì ju ti “z” lọ. Kọ ìlànà ìtò (collation) tìrẹ; con ni ìsopọ̀ rẹ sí SQLite:

from unicodedata import normalize

def kokoro(s):
    s = normalize("NFD", s.lower())
    m = s.replace("\u0300", "").replace("\u0301", "")
    return m.replace("gb", "g\u0323"), s

def afiwe(a, b):
    x, y = kokoro(a), kokoro(b)
    return (x > y) - (x < y)

con.create_collation("yoruba", afiwe)

Lẹ́yìn náà: ORDER BY oro COLLATE yoruba.

NFD ló ń tú “ẹ́” sí e, àmì ìsàlẹ̀ (U+0323) àti àmì ohùn. Àmì ìsàlẹ̀ yìí ju gbogbo lẹ́tà lásán lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa tẹ̀lé e, tí gb, tí kokoro fi g àti àmì yìí rọ́pò, náà á sì tẹ̀lé g.

Jọ̀wọ́, má yọ s kúrò nínú èsì kokoro. Bí m nìkan bá ṣẹ́ kù, ọ̀kan náà ni ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ lójú SQLite bó bá ń lo ìlànà yìí, UNIQUE (òfin tí kì í gba ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì) á sì kọ èkejì.

Orí con yẹn nìkan ni ìforúkọsílẹ̀ náà wà. Ètò mìíràn tó bá fẹ́ lo ìlànà yìí láìforúkọ rẹ̀ sílẹ̀ á rí “no such collation sequence: yoruba”. Bí o bá yí afiwe padà nígbà tí index (atọ́ka tí SQLite fi ń wá ọ̀rọ̀ kíákíá) tó ń lò ó ti wà, ṣe REINDEX yoruba lójú ẹsẹ̀, torí ìtòlẹ́sẹẹsẹ àtijọ́ ṣì ni index náà dì mú.