Ṣé lóòótọ́ ni ìjọba ìlú New York ń sanwó ìtọ́jú ọmọ lẹ́yìn ilé ìwé?

Ẹ kọ láti Ṣágámù pé àbúrò yín obìnrin àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti dé New York, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́ yìí. Òótọ́ ni. DYCD, ẹ̀ka ìjọba ìlú náà fún ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ àti ìdàgbàsókè àdúgbò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996, ló ń náwó sí i, àwọn àjọ àdúgbò tí kì í wá èrè ló sì ń bójú tó àwọn ọmọ, púpọ̀ wọn nínú ọgbà ilé ìwé gan-an. Òbí kì í san kọ́bọ̀ lórí COMPASS, ìyẹn orúkọ ètò ìtọ́jú lẹ́yìn ilé ìwé náà, tàbí lórí SONYC, ẹ̀ka rẹ̀ tó wà fún kíláàsì 6 sí 8. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé, tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, tó sì ń ṣeré ìdárayá.

Inú mi dùn sí ètò yìí gidigidi, nítorí pé ní ọjà Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde, mo máa ń rí ọmọ tó wọ aṣọ ilé ìwé, tó ń ṣe ìṣirò lórí apẹ̀rẹ̀ tòmátì ìyá rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Fún àwọn ọ̀dọ́ tó wà láàárín ọdún 14 sí 24, SYEP, ètò DYCD mìíràn, ń fún wọn ní iṣẹ́ tí wọ́n ń gba owó lé lórí nígbà ìsinmi gígùn. Kí àbúrò yín béèrè ní ilé ìwé àwọn ọmọ, kó sì tètè forúkọ sílẹ̀, nítorí ààyè máa ń kún.